Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Lọ́dún 1975, kọ́míìkì kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Powerman ni orúkọ rẹ̀. Akọni aláwọ̀ dúdú ni, ó ń fò lófuurufú, ó lágbára ju èèyàn lọ, ìbùjẹ ejò nìkan ló lè dá a dùbúlẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń yà á. Don Avenell àti Norman Worker ló ń kọ ìtàn rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí kò tíì lórúkọ nígbà náà ló sì ń pín àwòrán rẹ̀ yà: bí Dave Gibbons bá ya ti òní, Brian Bolland á ya èyí tó tẹ̀ lé e.

Nọ́ńbà ló mú mi dúró sórí ìwé yìí. Bolland sọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé wọ́n ní kí àwọn má ya àwòrán tó díjú, kí àwọn sì kọ nọ́ńbà sí àpótí àwòrán kọ̀ọ̀kan, torí àwọn tó gbé iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́ gbà pé ọmọ Nàìjíríà kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, títí dé ìsàlẹ̀ ojú ewé. Èrò wọn ni pé bí kò bá sí nọ́ńbà, ojú wa á ṣìnà.

Mi ò bá àwọn ayàwòrán méjèèjì jà. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n gbà, wọ́n sì ṣe é tọkàntọkàn. Ẹni tó pàṣẹ nọ́ńbà ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ.

*

Ìlẹ̀kùn kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ́nù tí ì bá dára kí ẹni náà ti lọ wò. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì ló gbẹ́ ẹ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, láàárín ọdún 1910 sí 1914. Lọ́dún 1924 wọ́n gbé e lọ sí ibi ìpàtẹ ńlá ti ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, kò sì padà sílé mọ́. Wọ́n ṣe àga ọba kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ fún Ògògà.

Àpótí àpótí ni Ọlọ́wẹ̀ pín ìlẹ̀kùn náà sí, ọ̀kan lórí èkejì, lápá méjèèjì. Lápá kan, Ògògà jókòó pẹ̀lú adé lórí, olorì rẹ̀ dúró tì í. Lápá kejì, Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ń bọ̀ wá kí i, àwọn èèyàn gbé e rù. Orí àwọn ère náà yọ síta lára pákó bí ẹni fẹ́ wo ẹni tó ń wò wọ́n. Wo bí ọba ṣe jókòó gbọn-in tó sì gba àyè rẹ̀ tán. Wo bí àlejò ṣe ká jọ sínú ohun tí wọ́n fi gbé e. Ọlọ́wẹ̀ kò kọ ọ̀rọ̀ kankan síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti sọ ẹni tó nílé àti ẹni tó wá ṣàlejò, ó sì sọ ọ́ lójú ìjọba amúnisìn láìsí ẹni tó lè mú un sí i.

Kò sí nọ́ńbà níbẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ṣáájú Powerman ni.

*

Orúkọ Powerman fúnra rẹ̀ dá wàhálà sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ Marvel ní Amẹ́ríkà ní akọni aláwọ̀ dúdú kan, Luke Cage, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1972. Nígbà tó di 1974 wọ́n sọ ọ́ ní Power Man. Torí náà, nígbà tí wọ́n tún ìtàn Powerman tiwa tẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1988, Power Comics ni wọ́n pe ìwé náà, wọ́n sì yí orúkọ akọni padà sí Powerbolt. Ẹni tó kà á lọ́mọdé níhìn-ín lè rí i lórí tábìlì ìwé ní Lọ́ńdọ́nù kó má mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun àtijọ́ ni.

*

Aṣọ wa náà ní àwòrán tó jẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń kà á. Èyí tó wù mí jù nínú adìrẹ ẹlẹ́kọ ni Ìbàdàndùn. Òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929, ni aláró fi ìyẹ́ adìẹ yà sínú aṣọ náà, òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó wá fi ṣíbí sáàárín wọn. Àlejò rí ìlà tó dúró ṣánṣán àti nǹkan róbótó tó nírù. Ọmọ Ìbàdàn rí Mápó, ó sì rí oúnjẹ. Ìlú tó dùn ni, kí ló tún kù?

Adìrẹ Olọ́ba ńkọ́? Lọ́dún 1935, George Karùn-ún pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí ìtẹ́. Àwòrán òun àti ìyàwó rẹ̀ kún inú ìwé àti ara ohun ìrántí káàkiri ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Àwọn aláró wa mú àwòrán náà, wọ́n rì í sínú aró, wọ́n fi ọnà tiwọn yí i ká, ọba Gẹ̀ẹ́sì di aṣọ ìró. Kò sẹ́ni tó kọ̀wé tọrọ àṣẹ. Lóde òní, lọ́yà á ti kọ lẹ́tà sí wọn kí aṣọ náà tó gbẹ.

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ àṣẹ yìí ṣe rí, torí òun ló mú kí n máa wo igun àwòrán.

Ẹnì kan ló ni akọni: ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, tàbí ilé iṣẹ́ fíìmù, tàbí ilé iṣẹ́ ohun ìṣeré ọmọdé. Òǹtẹ̀wé kan sanwó láti fi akọni náà ṣe kọ́míìkì. Láti ọjọ́ náà lọ, oní-nǹkan ní ẹ̀tọ́ láti yẹ ojú ewé wò kó tó jáde. Ojú akọni gbọ́dọ̀ jọ ti òṣèré tó ń ṣe é. Kò gbọdọ̀ kú. Kò gbọdọ̀ gbéyàwó. Bí ìtàn bá parí, kí gbogbo nǹkan padà sí bó ṣe wà, kí tẹlifíṣọ̀n lè bá a níbi tó fi í sí.

Kí ló wá kù fún ayàwòrán? Ìwé ìròyìn tó wà lórí tábìlì, orúkọ tó wà lójú ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ lẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni ò béèrè orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ara mọ́tò. Ibẹ̀ ló ti máa ń kí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ibẹ̀ ló ti máa ń dárúkọ ìlú rẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa ń rán àwọn àgbà òǹkàwé létí ìtàn kan tó ti pé ogún ọdún. Oní-nǹkan ń wo akọni. Èmi ń wo ẹni tó ń kọjá lọ.

*

Gibbons ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kó tó lókìkí. Nígbà tí Doctor Who Weekly bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1979, lábẹ́ ẹ̀ka Marvel ní Gẹ̀ẹ́sì, òun ló ya ìtàn àkọ́kọ́ tó wà nínú rẹ̀. Pat Mills àti John Wagner ló kọ ọ́. Akọni tẹlifíṣọ̀n BBC ni Doctor Who, ẹni tó ń fi àpótí búlúù kan rin ìrìn àjò la ìgbà já. Tom Baker ló ń ṣe é nígbà náà, ojú Tom Baker ni Gibbons sì gbọ́dọ̀ yà, pẹ̀lú ìborùn gígùn rẹ̀ yẹn. Ìwé náà ṣì ń jáde títí di òní, ó ti kúrò ní ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Mo rò pé níbẹ̀ ló ti kọ́ sùúrù. Ẹni tí wọ́n bá dè lọ́wọ́ ní àárín ojú ewé á mọ iyì etí rẹ̀.

*

Watchmen, ìwé méjìlá, láti 1986 sí 1987. Alan Moore kọ ọ́, Gibbons yà á. Kọ́míìkì ìgbà náà a máa gbé akọni sí iwájú ìwé, á na ọwọ́, á máa ja ìjà tí kò tilẹ̀ sí nínú ìtàn. Gibbons gbé báàjì kékeré kan sí iwájú ìwé àkọ́kọ́: ojú róbótó aláwọ̀ ìyeyè tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ kán sí i lára.

Bó o bá ṣí ìwé náà, wàá rí i pé àwòrán iwájú yẹn ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Báàjì náà wà lójú títì, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lọ, a sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ kúrò lára rẹ̀ títí a ó fi dé ojú fèrèsé ilé gíga kan tí wọ́n ti ju ọkùnrin kan sílẹ̀. Méjèèjìlá ló rí bẹ́ẹ̀: èèpo ìwé ni ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ẹni tó ń ná an lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ti ń kà á.

Ìwé karùn-ún ló yà mí lẹ́nu jù. Ojú ewé àkọ́kọ́ àti ojú ewé ìkẹyìn wo ara wọn bíi pé dígí wà láàárín, èkejì àti èyí tó ṣáájú ìkẹyìn ṣe bẹ́ẹ̀, títí tí wọ́n fi pàdé ní àárín gbùngbùn ìwé. Kò sí ibi kankan tí wọ́n ti sọ fún ọ. O lè kà á tán kó o gbádùn rẹ̀ láìmọ̀. Irú ìfipamọ́ tí mo fẹ́ràn nìyẹn, èyí tí kì í fìyà jẹ ẹni tí kò rí i.

Iṣẹ́ wíwọn ilé ni Gibbons kọ́ kó tó gbájú mọ́ àwòrán. Ìlà rẹ̀ fi hàn.

*

Watchmen fúnra rẹ̀ wá láti inú àṣẹ tí wọn ò fún èèyàn. Ilé iṣẹ́ DC ti ra àwọn akọni ilé iṣẹ́ Charlton. Moore fẹ́ fi wọ́n kọ ìtàn rẹ̀. DC rí i pé bí ìtàn náà bá parí, àwọn akọni tí àwọn fowó rà ò ní ṣe é lò mọ́, wọ́n ní kó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Blue Beetle wá di Nite Owl, The Question di Rorschach, Captain Atom di Doctor Manhattan. Ẹni tó ka ìwé Charlton rí mọ gbogbo wọn lábẹ́ agbádá tuntun. Ká ní DC fọwọ́ sí i ni, ó ṣeé ṣe kí ìwé náà má tó bẹ́ẹ̀, torí à bá ti mọ àwọn èèyàn náà tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù wọn ò sì ní bà wá.

*

Ní Jos níbí ni wọ́n bí Inua Ellams sí, lọ́dún 1984. Ọmọdé ni nígbà tí ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Lọ́ńdọ́nù. Akéwì ni, ó ń kọ eré orí ìtàgé. Lọ́jọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, BBC gbé ìtàn Doctor Who kan tó kọ jáde, "The Story & the Engine". Èkó ni Doctor lọ, sínú ṣọ́ọ̀bù agẹrun kan.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ Ellams mọ ṣọ́ọ̀bù náà kó tó wọlé. Lọ́dún 2017, National Theatre ní Lọ́ńdọ́nù ṣe eré rẹ̀ Barber Shop Chronicles, tó lọ láti ṣọ́ọ̀bù agẹrun kan sí òmíràn ní ìlú mẹ́fà: Lọ́ńdọ́nù, Èkó, Accra, Kampala, Harare àti Johannesburg. Níbẹ̀, àwọn ọkùnrin jókòó, wọ́n ń gẹrun, wọ́n ń sọ ohun tí wọn ò lè sọ nílé. Nínú ìtàn tẹlifíṣọ̀n, ó mú àga kan náà, ó mú ọ̀bẹ ìgẹrun kan náà, ó fi wọ́n sí ẹ̀yìn aláǹtakùn ńlá kan tó ń rìn la ayé àìrí já. Àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ò lè jáde. Ìtàn tí wọ́n bá sọ ló ń fún ẹ̀rọ náà lágbára, bí ẹnì kan bá sì ti ń sọ tirẹ̀, àwòrán rẹ̀ á máa yọ lójú fèrèsé, àwòrán tí ọwọ́ yà. Ojú fèrèsé di kọ́míìkì, ẹnu ló ń yà á.

Jo Martin, tó ti jẹ́ Doctor rí, yọjú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní obìnrin kan ló kọjá. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á fò sókè lórí àga.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ irun ni mo fẹ́ sọ. Abena, ọmọbìnrin Anansi aláǹtakùn inú ìtàn àwọn ará Gánà, jókòó ti Doctor, ó ń bá a dirun. Bó ṣe ń dì í, ó ń sọ ìtàn àwọn obìnrin tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí òkè òkun, tí wọ́n ń di ọ̀nà àsálà mọ́ orí ọmọ, kí olówó ẹrú máa wò ó kó má sì rí i. Ìtàn náà wà lẹ́nu àwọn èèyàn dúdú ilẹ̀ Kòlóńbíà títí di òní. Nígbà tó dì í tán, ọ̀nà tó lọ sí inú ẹ̀rọ wà lórí Doctor.

Mo dá eré náà dúró níbẹ̀, mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Onídìrí ni ìyá rẹ̀. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní: "Ẹ ò rí i, ìlà ẹ̀yìn etí yẹn ò tọ́. Bí ọ̀nà bá wọ́, ibo lèèyàn máa gbà?" Ó tọ̀nà. Ṣùkú ní orí òkè tó ń lọ, kòlẹ́sẹ̀ ní ọrùn tó ń bọ̀ sí. Ẹni tó mọ irun dì mọ̀ pé gbogbo ìlà ló ní ibi tí wọ́n ń lọ.

*

Láti Àpáta, àdúgbò wa ní Jos níbí, èèyàn lè dé ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Jos láìpẹ́. Bernard Fagg ló dá a sílẹ̀, wọ́n ṣí i lọ́dún 1952. Ère amọ̀ Nok wà níbẹ̀. Àwọn tó ń wa tin, tí gbogbo wa ń pè ní kúsà níhìn-ín, ni wọ́n kọ́kọ́ rí wọn nínú ilẹ̀. Àwọn kan nínú ère náà ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì.

Ẹ wo irun wọn. Ẹni tó mọ ère náà ò fi irun ṣeré: ó pín in, ó kó o jọ ní òkìtì òkìtì, ó fa ìlà láàárín wọn, ó sì lu ihò sí i ní àyè rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sí mọ́ tó lè kà á. Ó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, bó ṣe wà nínú irun tiwa: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ẹni tó jẹ́ ti ààfin. Ọmọ Jos kan tó mọ àwòrán yà lónìí lè mú irun kan nínú wọn, kó fi sí orí akọni rẹ̀ níwájú ìwé, láìsọ nǹkan kan. Mo ń dúró dè é. Kó fi adágún tí àwọn awakúsà fi sílẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, kó fi àpáta méjì mẹ́ta tó gun ara wọn sí igun, àwa tó ń gbé ibí á mọ̀.

*

Lance Spearman. Kò sí àgbà ọkùnrin ìran mi tí kò mọ̀ ọ́n. Inú African Film ló ti ń ṣọdẹ ọ̀daràn, ìwé tí ilé iṣẹ́ Drum ń tẹ̀ jáde. Fọ́tò ni, kì í ṣe àwòrán ọwọ́. Fìlà lórí, sìgá lẹ́nu, irùngbọ̀n ṣókí, mọ́tò tó ń sáré bí ìjì. James Bond ni wọ́n ń tọ́ka sí, ẹnikẹ́ni ò sì fi bò. Gúúsù Áfíríkà ni ìwé náà ti wá, lásìkò tí aláwọ̀ dúdú ò lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú òyìnbó níbẹ̀. Nínú ìwé, Spearman ń wọ ibi tó bá wù ú. Kò sí òfin ìyapa kankan nínú ìlú rẹ̀. Nígbà tí mo dàgbà tí mo mọ ibi tí ìwé náà ti wá ni àìsí yẹn tó di ohun tó tóbi jù nínú ìwé náà lójú mi.

*

Tiwa ni Atọ́ka. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde l'Ékòó: wọ́n á mú eré àwọn ẹgbẹ́ onítíátà alárìnká, irú ti Oyin Adéjọbí, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ ìran dé ìran, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré sí i lára ní Yorùbá. Ìwé àfàṣẹṣe ni, ní ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an, torí ẹgbẹ́ eré ló ni ìtàn.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni pé òǹkàwé ti rí eré náà ní gbọ̀ngàn ìlú rẹ̀. Ó mọ ibi tí ọ̀gá ẹgbẹ́ ti máa ń dákẹ́ kó tó dá èèyàn lóhùn. Ó mọ orin tó tẹ̀ lé ìran náà. Fọ́tò kò lè kọrin, ṣùgbọ́n bó ṣe ṣí ojú ewé yẹn ló ń gbọ́ ọ. Àwọn tó ṣe ìwé náà mọ̀ pé ó ń gbọ́ ọ, wọn ò sì ṣàlàyé.

Ọ̀nà òdìkejì ni Wale Adenuga gbà. Orí ìwé ni akọni rẹ̀, Papa Ajasco, ti bẹ̀rẹ̀, nínú kọ́míìkì Ikebe Super lọ́dún 1976, kó tó di fíìmù lọ́dún 1984, kó tó wá di ti tẹlifíṣọ̀n.

*

Nnedi Okorafor kọ ìtàn kúkúrú kan fún Marvel lọ́dún 2017, Tana Ford ló yà á. Ngozi ni ọmọbìnrin inú rẹ̀ ń jẹ́. Jàǹbá bọ́ọ̀sì sọ ọ́ di ẹni tó ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́, agbára ẹ̀dá tí wọ́n ń pè ní Venom sì wá bà lé e l'Ékòó. Okorafor ti sọ pé àwọn ọmọbìnrin Chibok ló wà lọ́kàn òun. Àkọlé ìtàn náà ni "Blessing in Disguise". Gbogbo Amẹ́ríkà kà á bí àṣàyàn ọ̀rọ̀ lásán. Ọmọ Ìgbò, tó mọ̀ pé ìbùkún ni Ngozi, rí orúkọ ọmọ náà nínú àkọlé lójú ẹsẹ̀.

*

Iyanu: Child of Wonder jáde lọ́dún 2021 láti ilé iṣẹ́ Dark Horse ní Amẹ́ríkà. Roye Okupe, tí wọ́n bí l'Ékòó, ló kọ ọ́. Godwin Akpan ló yà á. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 ó di eré àwòrán lórí Cartoon Network. Ìlú olódi, ẹranko tí ègún mú, ọmọ òrukàn tí agbára ńlá wà nínú rẹ̀. Òǹkàwé Amẹ́ríkà bá orúkọ tí kò gbọ́ rí pàdé, ó sì gbà á bí orúkọ ayé àràmàǹdà. Bíyí. Tóyè. Lójú tèmi, ìwé orúkọ kíláàsì wa ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ń kà. Kò dín adùn ìtàn kù rárá. Ó mú kí ọ̀run sún mọ́ ojúlé.

Àwọ̀ Akpan dára púpọ̀. Ó mọ bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣe ń rí lára awọ dúdú, ohun tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán òkè òkun kò tíì mọ̀ títí di báyìí.

*

Bolland, ẹnì kejì Gibbons nínú Powerman, wá di ọ̀gá nínú yíya èèpo ìwé. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni ti The Killing Joke, ọdún 1988. Joker, ọ̀tá Batman, gbé kámẹ́rà sójú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó dojú kámẹ́rà kọ ẹni tó mú ìwé lọ́wọ́. Ara kámẹ́rà náà, níbi tí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é máa ń wà, Bolland kọ WITZ. Ní èdè Jámánì, àwàdà nìyẹn.

Èyí tó burú nínú àwòrán náà kì í ṣe àwàdà yẹn. Inú ìtàn náà, Joker yìnbọn fún ọmọbìnrin kan, ó sì ya fọ́tò rẹ̀. Kámẹ́rà iwájú ìwé ni kámẹ́rà náà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ìwé kò mọ̀. Ẹni tó kà á tán tó pa á dé rí i pé ibi tí ọmọbìnrin yẹn wà ni wọ́n gbé òun sí láti ìbẹ̀rẹ̀.

*

Ọmọ ará ilé wa kan, ọmọ Bẹ̀róm, ọdún mọ́kànlá, máa ń wá ka kọ́míìkì lórí fóònù mi. Hausa ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ lójú títì Àpáta níbí. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa. Mo fi Malika hàn án, ìwé Okupe tó jáde lọ́dún 2017, tí Chima Kalu yà: ọbabìnrin jagunjagun kan tó ń ṣàkóso ilẹ̀ ọba Azzaz.

Ó ka orúkọ ìlú náà sókè. Ó tún un kà. "Baba, Zazzau ni wọ́n yí padà."

Mo ní báwo ló ṣe mọ̀.

"Ẹ wò ó. Obìnrin ni, ó gun ẹṣin, ó ń jagun. Amina ni. Bàbá àgbà mi gbé ní Zaria."

Okupe ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé Ọbabìnrin Amina ti Zazzau ló fún òun ní èrò Malika. Ọmọ yìí kò ka ibi tó ti sọ ọ́. Mo bi í bóyá ó yẹ kí wọ́n kọ Zazzau tààrà. Ó ní rárá, pé bí wọ́n bá kọ ọ́ tààrà, àwọn àgbà á máa sọ pé kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kí èèyàn gbádùn ìjà. Mo sọ fún un pé Lagoon City inú ìwé Okupe mìíràn, E.X.O., Èkó ni. Ó ní ìyẹn ò ṣòro, omi wà nínú orúkọ rẹ̀. Ó gba fóònù padà, ó tẹ àwòrán náà kó tóbi, ó ń wo ẹ̀yìn ẹṣin, àwọn ọmọ ogun tí wọ́n yà ní kékeré lẹ́yìn ọba, ó ń wá ẹlòmíràn tó mọ̀.